Eku Ìjọba Tó Mu Èèpo Awọ́pa

Ọ̀gbẹ́ni Gbádéyan tí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn rán wá sí Odígbó kàwé, ẹ má bá mi jiyàn. Bí yóò bá sín pàápàá, yóò kọ́kọ́ wo aago. Ọdún kejì òmìnira ló kó eku funfun méjìlá dé nínú àgò onírin, ó háyà yàrá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé mi. Ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá èèpo awọ́pa tí mò ń tà ní ibùdókọ̀ Òrè ń wo ibà lóòótọ́, àti bóyá kì í pààyàn. Ó ní orúkọ èmi Ẹfúnróyè yóò dé Ìbàdàn. Inú mi dùn, mo fún un ní èèpo ẹ̀kún apẹ̀rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ó gún gbogbo eku náà ní abẹ́rẹ́ tó kó ibà sí wọn lára. Àmọ́ sípíríìtì tó yẹ kó fi rẹ èèpo ti dà sínú lọ́rì lójú ọ̀nà. Kí ni ọ̀mọ̀wé ṣe? Ó ra ògógóró! Ògógóró tiwa níbí, èyí tó ń mú àgbà ọkùnrin sùn sẹ́nu ọ̀nà ilé onílé. Ó rẹ èèpo mi sínú rẹ̀, ó rọ ọ́ sí eku mẹ́fà lẹ́nu, eku tí kò ju ìka ọwọ́ mi lọ. Ó fún mẹ́fà yòókù ní omi lásán. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn tó mu ògógóró ti kú.

"Màmá, májèlé ni oògùn yín."

Mo ní, "Ṣé ẹ ti fún àwọn tó kù ní ògógóró nìkan, ká wò ó?"

"Ẹ ò mọ sáyẹ́ǹsì."

Háà! Èmi tí mo fi awọ́pa tọ́ ọmọ mẹ́jọ! Omi la fi ń sè é. Mo sọ ọ́ títí ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó, kò gbọ́. Ó kọ̀wé sí Ìbàdàn àti sí káńsù pé gbogbo eku tó fẹnu kan oògùn Ẹfúnróyè ló kú. Káńsù ní kí n kó igbá mi kúrò ní Òrè kí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó parí. Igbá yẹn sì ni mo fi ń bọ́ ilé láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú. Inú bí mi gidigidi.

Lọ́jọ́ kejì, ó ní kí n bá òun kó eku mẹ́fà tó ṣẹ́kù dànù, ibà ti fẹ́ pa wọ́n. N kò dà wọ́n nù o. Mo se awọ́pa lómi, mo ń kán an sí wọn lẹ́nu díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Nígbà tó di ọjọ́ karùn-ún, wọ́n ń jà lórí àgbàdo. Mo gbé àgò wọn sórí tábìlì mi ní Òrè, mo ń pariwo pé, "Ẹ wá wo àwọn tí májèlé mi pa o!" Àwọn awakọ̀ ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń rà.

Gbádéyan gbọ́. Ó mú akódà káńsù dání, ó dé.

"Eku ìjọba nìyẹn. Ẹ kó wọn fún mi."

"Èwo? Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé gbogbo èyí tó mu oògùn mi ló kú. Àwọn wọ̀nyí mu ún yó. Bí wọ́n bá jẹ́ ti ìjọba, ẹ jókòó síbí kí ẹ tún ìwé kọ. Bí ẹ ò bá ní tún un kọ, eku tèmi ni wọ́n."

Ó wo aago rẹ̀. Kò sín.

Akódà ti gbá igbá mi mú tẹ́lẹ̀. Ó wo eku, ó wo Gbádéyan, ó gbé igbá sílẹ̀.

Ó ní, "Ìyá, ẹ bá mi di ìdì kan. Ara ọmọ mi ń gbóná láti àná."