Ọwọ́ Ẹ̀yìn Olóòlà

“Gbà á!” Bàbá Ògúntúyì wí, kò bojú wẹ̀yìn. Abẹ tó kún fún ẹ̀jẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó nà án sẹ́yìn lókè èjìká, ẹnu abẹ náà sì dojú kọ Ọ̀ṣuntọ́lá gan-an.

Ọ̀ṣuntọ́lá kò gbà á. Ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó dúró gbọnyin.

“Ṣé o ò gbọ́ ni? Mo ní gbà á!”

“Mo gbọ́ yín, Bàbá. Mi ò ní í gbà á.”

Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọ́ ọ. Ta ló gbọ́ irú èyí rí? Ìyàwó ilé, tí wọ́n ṣe ìdáná lé lórí, ló ń wo ẹ̀yìn orí bàbá ọkọ rẹ̀, tó sì ń sọ pé òun ò ní í ṣe! Àwọn obìnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà fi ọwọ́ bo ẹnu.

Làmídì ni ọmọkùnrin tó dùbúlẹ̀ sórí ẹní níwájú Bàbá ń jẹ́. Ojú ogun Ìjàyè ni wọ́n ti gbé e bọ̀. Ọfà kan ti wọ itan rẹ̀, igi ọfà ti dá, irin rẹ̀ ṣì wà nínú ẹran. Sàníù ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ogun bíi tirẹ̀, ló pọ̀n ọ́n wá sí abúlé yìí lẹ́yìn Mọ́níyà, nítorí pé ní gbogbo agbègbè náà, kò sí ẹni tó mọ ọgbẹ́ í ṣí tó Ògúntúyì olóòlà. Bàbá ti fi abẹ la ojú ọgbẹ́ náà, ó fi ọwọ́ òsì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ má baà ya. Ó ku kó mú ẹ̀mú, kó fi fa irin yẹn jáde. Ṣùgbọ́n kò lè mú ẹ̀mú láìjẹ́ pé abẹ kúrò lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Nílé àwọn olóòlà yìí, abẹ tí ẹ̀jẹ̀ bá wà lára rẹ̀ kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀, Ògún kò fẹ́ ẹ. Olóòlà pàápàá kò gbọdọ̀ bojú wẹ̀yìn títí abẹ náà yóò fi kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní bó bá wẹ̀yìn pẹ́nrẹ́n, ẹ̀jẹ̀ ẹni tó dùbúlẹ̀ kò ní í dá mọ́. Ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń na abẹ sí, láìwò, ìyàwó ilé kan a sì fi àtẹ́lẹwọ́ gbà á. Bó bá ṣe déédéé, ó ṣe déédéé. Bí kò bá ṣe déédéé, ọwọ́ ìyàwó ni yóò fara gbá a. Àpá lórí àpá ló wà lọ́wọ́ àwọn obìnrin ilé náà. Wọn a tún máa fi ṣẹ̀fẹ̀ pé ilà ọwọ́ ìyàwó olóòlà pọ̀ ju ilà ojú ọmọ Ọ̀yọ́ lọ.

Ìgbà tí Àbíkẹ́ kú ni ẹ̀fẹ̀ náà kò pa Ọ̀ṣuntọ́lá lẹ́rìn-ín mọ́. Àbíkẹ́ ni ìyàálé rẹ̀, òun ló sì ń gba abẹ tẹ́lẹ̀. Níbi tí Bàbá ti ń kọlà fún àwọn ọmọ abúlé, abẹ gé Àbíkẹ́ ní ìsàlẹ̀ àtàǹpàkò. Àbíkẹ́ rẹ́rìn-ín, ó fi epo pupa pa ojú ibẹ̀, ó padà sídìí iṣẹ́. Nígbà tí gbogbo èèyàn rò pé ọgbẹ́ ti jinná ni àgbọ̀n rẹ̀ dì. Ọrùn rẹ̀ le gan, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun. Ọ̀ṣuntọ́lá ló ń fi ìyẹ́ adìyẹ kán omi sí i láàárín eyín. Obìnrin tó máa ń sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, kú láìlè la ẹnu dágbére fún àwọn ọmọ rẹ̀! Bàbá ní Ògún ló mú un. Wọ́n pa ajá, wọ́n bọ Ògún, wọ́n ní ọ̀rọ̀ bùṣe. Inú wá ń bí Ọ̀ṣuntọ́lá, inú náà kò sì rọ̀. Òun ni wọ́n wá ní kó bọ́ sípò Àbíkẹ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ yìí, bí wọ́n ti gbé Làmídì dé, Ọ̀ṣuntọ́lá bọ́ sẹ́yìn ilé, ó gé ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan tútù, ó gbé e sẹ́yìn àpótí tí Bàbá ń jókòó lé. Ó ní kí Bàbá máa gún abẹ mọ́ ọn. Bàbá wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín.

“Ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tó ohun tí à ń pọ́n àdá sí! Òun lo fẹ́ kí n gún abẹ baba mi bọ̀? Gbé pàǹtí rẹ kúrò níbẹ̀, jàre.”

Ọ̀ṣuntọ́lá kò gbé e. Bàbá rò pé ọ̀rọ̀ ti tán.

“Láìláà!” Sàníù fò dìde báyìí. “Obìnrin yìí, ṣé orí rẹ pé? O ò rí i pé ẹ̀jẹ̀ àbúrò mi ń dà ni?”

“Mo rí i. Ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ nìyí. Kí Bàbá gún abẹ mọ́ ọn, kí wọ́n mú ẹ̀mú, kí ẹ̀jẹ̀ dá.”

“Ọwọ́ ni àwọn baba mi ń fi í sí!” Bàbá Ògúntúyì jágbe mọ́ ọn.

“Ọwọ́ ta ni, Bàbá? Ọwọ́ tiwọn ni, àbí ọwọ́ ìyàwó wọn?”

“Háà!” ni àwọn obìnrin ẹnu ọ̀nà wí lẹ́ẹ̀kan náà.

“Èèwọ̀ ni, ìwọ ọmọ yìí!”

“Wọ́n ní kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀, Bàbá. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í ṣe ilẹ̀. Níbo ni Ògún ti wí pé dandan ni kó kan ọwọ́ Àbíkẹ́?”

“Má dárúkọ òkú níbi iṣẹ́ mi!”

“Màá dárúkọ rẹ̀. Ibi iṣẹ́ yìí ló ti kú.”

Bàbá kò gbé ọwọ́ tó nà sẹ́yìn wálẹ̀. Ó pe Àwẹ̀ró, ìyàwó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé fún àbíkẹ́yìn rẹ̀. “Àwẹ̀ró! Wá gba abẹ lọ́wọ́ mi. Jẹ́ kí ẹni tí kò níwà máa wò.”

Àwẹ̀ró wá. Kí ni ìyàwó tuntun fẹ́ sọ? Ó kúnlẹ̀, ó la àtẹ́lẹwọ́, ojú rẹ̀ kún fún omi. Àtẹ́lẹwọ́ náà ń dán, kò sí àpá kankan níbẹ̀. Kó tó nà án tán, Ọ̀ṣuntọ́lá gbá a lọ́wọ́ mú, ó ká àwọn ìka rẹ̀ pa dé lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Má ṣí i. Mo ti sin ìyàálé mi, mi ò ní í sin ìwọ náà.”

“Ó tó!” Sàníù sún Àwẹ̀ró sẹ́yìn. “Obìnrin ni yín lóòótọ́. Bàbá, ẹ gbé e wá. Èmi ni màá gbà á.”

Ó dúró sẹ́yìn Bàbá, ó la ọwọ́ ńlá rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu. Bàbá kò mọ ibi tí ọwọ́ náà wà. Ó kàn ti abẹ sẹ́yìn fìrì, bó ṣe máa ń ṣe. Irin náà kọ mọ̀nà níwájú Sàníù.

“Àsítágàfúrúláì!”

Ọkùnrin tó ń kojú ìbọn ní Ìjàyè ti fa ọwọ́ rẹ̀ padà. Ó ti fò sẹ́yìn pàápàá. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Àwẹ̀ró kó tó mọ̀.

Làmídì gbé orí sókè lórí ẹní. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sáà gbà á. Àbí ẹ ò rí i pé mo ń kú lọ ni?”

Sàníù wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó wo Ọ̀ṣuntọ́lá. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

“Bàbá, mo bẹ̀ yín. Ẹ gún un mọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ọ̀hún.”

Ọ̀ṣuntọ́lá fi ọwọ́ méjèèjì di ìdí ìtì náà mú, ó gbé e dé abẹ́ abẹ.

“Ó ti wà níbẹ̀, Bàbá. Ẹ kàn tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀.”

Bàbá kò tètè tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ń gba àárín ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ jáde. Làmídì kérora. Bàbá mí kanlẹ̀, ó tẹ abẹ wálẹ̀, abẹ sì wọ inú ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ títí dé èèkù. Ó mú ẹ̀mú. Làmídì ké tóò, irin ọfà jáde, wọ́n sì fi ewé dí ojú ọgbẹ́. Ẹ̀jẹ̀ dá.

Nígbà tí Sàníù ti gbé àbúrò rẹ̀ lọ sábẹ́ igi, tí àwọn yòókù ti túká, Bàbá jókòó, kò wo ojú Ọ̀ṣuntọ́lá.

“O dójú tì mí níwájú àlejò. Màá ránṣẹ́ sí bàbá rẹ kó wá mú ọ. Bí Ṣàngówálé ọkọ rẹ bá ti ogun dé, kó lọ fẹ́ ẹlòmíràn.”

Ọ̀ṣuntọ́lá kúnlẹ̀.

“Ẹ ránṣẹ́ sí wọn, Bàbá. Bí wọ́n bá dé, màá sọ ohun tó pa Àbíkẹ́ fún wọn níwájú gbogbo agbo ilé. Mi ò sì ní í sọ pé Ògún ni.”

Bàbá wo abẹ tó ṣì wà nínú ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ.

“Gbogbo bó ṣe dúró tì mí tó yẹn, Àbíkẹ́ kò fi ìgbà kan sọ fún mi pé abẹ ń gé òun.”

“Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń kán sílẹ̀ lẹ́yìn yín, Bàbá. Ẹ ò wẹ̀yìn rí.”

Ọ̀ṣuntọ́lá dìde, ó di èèkù abẹ mú, ó fà á yọ, ó sì lọ fọ̀ ọ́.