Ojú Àràmọ́tù Tí Kò Gòkè Mọ́

Ìyá Kúlúsúmù ṣì wà láyé nígbà náà, ẹnu ọ̀nà ló máa ń jókòó sí ní àdúgbò Zongo, ní Parakou, tòun ti tẹ̀sùbáà rẹ̀. Kàsìmáwò ọmọ rẹ̀ ṣì wà, ó ń ta aṣọ ní ọjà Arzèkè. Àràmọ́tù náà wà, ìyàwó tí Kàsìmáwò ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá láti Ṣábẹ̀. Nínú gbogbo wọn, Mọ́nsúrátù ìyáálé nìkan ló kù.

Ayé ìjọba kámáràdì ni, tí wọ́n ń wá ọ̀tá ìjọba kiri. Ìyáálé àtìyàwó jọ ń gún iyán nínú odó kan ṣoṣo, bí wọ́n ti ń gún un ní Parakou: tèmi ń lọ sílẹ̀, tìrẹ ń gòkè.

"Ìyáálé mi, ẹ rọra! Iyán ni, kì í ṣe ọ̀tá ìjọba!"

Ẹ̀rín pa Mọ́nsúrátù. Àràmọ́tù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti yí iyán, ọwọ́ ìyáálé ò sì dúró. Ọmọ odó bà á lábẹ́ ojú ọ̀tún.

"Àbúrò mi, mo bẹ̀ ọ́, sọ pé o ṣubú lu etí odó ni. Ta ni yóò gbà pé ọmọ odó ìyáálé ṣèèṣì ba ìyàwó lójú?"

Àràmọ́tù sọ bẹ́ẹ̀.

Ojú náà wú, wíwú náà sì lọ sílẹ̀. Àmọ́ bó bá ti wòkè báyìí, méjìméjì ló ń rí. Ó kúkú ń wolẹ̀. Bó bá kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ rẹ̀, inú ìyá a dùn dénú.

"Ẹ wo ọmọ tí wọ́n kọ́! Kò gbójú sókè wò mí rí. Mọ́nsúrátù, ìwọ olójú àwòdì, wá kọ́gbọ́n!"

Lọ́jọ́ ìpàdé àdúgbò, wọ́n ní kí gbogbo èèyàn gbójú sókè wo àsíá.

"Ìyáálé mi," Àràmọ́tù sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́, "méjì ni mo rí."

"Panu mọ́! Ẹyọ kan tí wọ́n fún wa yìí ti tó wa."

Ṣùgbọ́n àyà Mọ́nsúrátù já. Ní ọjọ́ kejì, ó mú un lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì kan. Nọ́ọ̀sì bo ojú kan, Àràmọ́tù rí ìka kan. Ó bo ìkejì, ìka kan náà ni. Ó ṣí méjèèjì, ó gbé ìka sókè, ó di méjì.

"Nǹkan kan ò ṣe ẹyinjú," ló ní. "Iṣan abẹ́ rẹ̀ ló há sínú eegun tó sán, kò jẹ́ kó lè gòkè. Ẹ tètè gbé e lọ Kùtọnú, kí wọ́n tú u sílẹ̀. Bẹ́ ẹ bá jẹ́ kó pẹ́, á gan mọ́ ibẹ̀. Kí ló bà á?"

"Odó ni," Mọ́nsúrátù dáhùn.

Ó ní kí Àràmọ́tù má sọ nílé, òun fúnra òun ni yóò sọ. Àràárọ̀ ló ń pinnu pé bí òun bá ti kírun tán, òun á sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni bá dárúkọ iṣan, yóò dárúkọ ọmọ odó. Ìyá ọkọ rẹ̀ sì rèé, tó ń fi ìwà ìyàwó yangàn káàkiri Zongo. Oṣù kan kọjá.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, Ìyá Kúlúsúmù ní kí Àràmọ́tù gbéṣu wá látorí àjà. Mọ́nsúrátù ń fọ odó lọ́wọ́. Ó rí i tó gun àkàbà dé òkè, tó da orí sẹ́yìn, tó na ọwọ́ di igi kejì tí kò sí níbẹ̀ mú.

Orí ló fi sọlẹ̀. Kí wọ́n tó pe ìrun alásárì, ó ti dákẹ́.

Ìyá Kúlúsúmù ló fọwọ́ pa ojú rẹ̀ dé. "Ọmọ mi," ló ń wí ṣáá, "ọmọ mi tí kò gbójú sókè wò mí rí."