Pákó Kẹta

Gbẹ́nàgbẹ́nà wọ ilé àwòrán ńlá ìgboro, kò wo àwòrán kankan. Férémù ló ń wò. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ olùwòran ń mi orí, òun ń yọjú sí ibi tí igun igi méjì ti pàdé, ó ń pòṣé. Nígbà tó na ìka sí ọ̀kan, ẹ̀ṣọ́ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà wúkọ́.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, wọn kì í fọwọ́ kàn án."

"Mi ò tíì fọwọ́ kàn án. Ẹni tó ṣe férémù yìí ni mo fẹ́ bá wí."

Ọmọ àbúrò rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó fà á lọ́wọ́ lọ sí yàrá tí wọ́n kó iṣẹ́ bàbá rẹ̀, ìyẹn àbúrò gbẹ́nàgbẹ́nà, sí. Ayàwòrán ni bàbá rẹ̀, ó ti kú láti ọdún mẹ́ta. Nígbà èwe rẹ̀, ó ya àwòrán mẹ́ta sórí pákó mẹ́ta. Méjì wà lára ògiri, ìkẹta ni ọmọ yìí ti ń wá kiri láti ọdún méjì. Ó ní bí ẹ̀gbọ́n bàbá òun bá fojú rí méjì yìí, bóyá wọ́n á rántí ibi tí ìkẹta wà.

Kí ni gbẹ́nàgbẹ́nà fẹ́ rántí? Ó mọ ibi tó wà. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ di ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù.

Pákó oníbàárà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nígbà náà, ó ti ń sá wọn sínú ìbòòji fún oṣù mẹ́jọ kí wọ́n má baà wọ́. Ó ti ìrìn àjò dé, ó bá ọ̀dà lára mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àbúrò rẹ̀ gbé méjì sá jáde. Ẹ̀gbọ́n gbé ìkẹta sórí tábìlì iṣẹ́, ó ti ìfági bọ̀ ọ́. Ìbínú ò da nǹkan fún ni, àmọ́ ta ló ń rántí ìyẹn nígbà tí inú bá ń ru? Àbúrò kó jáde nílé lọ́sẹ̀ kejì, láti ìgbà náà, ẹ kú ilé, ẹ kú ọ̀nà ló kù láàárín wọn.

Nínú àwòrán àkọ́kọ́ lára ògiri, ìyá tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ń fi òwú sábẹ́rẹ́. Nínú ìkejì, bàbá wọn sùn sórí àga. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, àyè ṣófo, wọ́n lẹ bébà kékeré mọ́ ọn.

"Bá mi kà á," gbẹ́nàgbẹ́nà ní. "Mi ò mú awò ojú mi dání."

"'Ẹ̀gbọ́n Mi Lẹ́nu Iṣẹ́.' Inú ìwé Dádì la ti rí orúkọ ẹ̀. Ẹ̀yin ni wọ́n yà, Bàbá."

Gbẹ́nàgbẹ́nà jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, kò fi ẹyọ kan pamọ́.

Ọmọ náà bèèrè pé, "Ṣé a ò lè rí kọ́bọ́ọ̀dù náà?"

"Kò sí nǹkan lára ẹ̀ mọ́. Mo fá a mọ́ tónítóní."

Ọmọ náà nu ojú rẹ̀. "Ó dáa. Ẹ ṣáà sọ bó ṣe rí fún mi. Báwo ni Dádì ṣe yà yín? Ṣé ẹ ń rẹ́rìn-ín?"



"Mi ò mọ̀, ọmọ mi. Mi ò wò ó. Ọ̀dà ni mo rí."