Máákírò Tó Fẹ́ Ká Ṣínu Lọ́sàn-án

Ẹni bá sọ fún yín pé máákírò kékeré, ìyẹn ọ̀rọ̀ ìgékúrú inú ètò kọ̀ǹpútà, kò lè ṣe èèyàn ní nǹkan, ẹ rán an sí èmi Hameedah. Mo ti kọ àkọsílẹ̀ lórí ọ̀fìn tó wà nínú ẹ̀, ojú ìwé kan péré, fún àwa tí a jọ ń fi èdè kọ̀ǹpútà C kọ ètò aago mọ́sálásí wa ní Peckham, ní London. Aago yẹn ló ń ṣírò àkókò ìrun, òun náà ló sì ń pèrun. Bọ̀dá Nasrullah, ọ̀gá wa, wò ó fìrí, wọ́n ní eré ọmọdé ni. Eré ọmọdé! Òótọ́ dọ́jà, ó kùtà.

Kò pẹ́ náà ni Sunday tí wọ́n máa ń fi wákàtí kan sún aago síwájú níbí nítorí ẹ̀ẹ̀rùn bọ́ sí àárín ààwẹ̀. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Ayìlà ọ̀sán tán ni Aunty Sherifat, tó máa ń pín oúnjẹ ìṣínu, nawọ́ sí aago ara ògiri, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín. Aago ní aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án la máa ṣínu!

"Ẹ gbé dàbínù wá o!" Aunty pariwo. Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín.

Alhaji Làtíìfù, alága wa, kò rẹ́rìn-ín ní tiwọn. "Tí kò bá bọ̀ sípò kí oòrùn tó wọ̀, ẹ yọ ọ́ dànù. Màá ra èyí tí wọ́n ti ṣe tán."

Bọ̀dá Nasrullah bá yíjú sí mi. "Alhaji, Hameedah ló fọwọ́ kan code yẹn last, sir."

Háà! Inú bí mi gan-an. Lóòótọ́ ni mo fi ìlà kan sí i, èyí tó ń fi wákàtí kan kún àkókò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìlà mi dáa. Mo jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì, mo ṣí laptop, mo fi máákírò tí Bọ̀dá Nasrullah fúnra wọn kọ han Alhaji, èyí tó ń sọ wákàtí di ìṣẹ́jú:

#define ISEJU(w) w * 60

"Alhaji, máákírò kì í ronú. Ohun tí ẹ bá fún un ló ń dà síbẹ̀ bó ṣe rí. Wákàtí ìṣínu jẹ́ 18. Mo fún un ní 18 + 1, kó lè di 19, kó tó wá fi ọgọ́ta sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹ wo ohun tó kọ: 18 + 1 * 60. Ìsọdipúpọ̀ ló máa ń ṣáájú àròpọ̀, torí náà ení yẹn nìkan ló sọ di púpọ̀! Ó di ìṣẹ́jú 78; ẹ fi ìṣẹ́jú 33 tó kù kún un, ó di 111, aago méjì ku mẹ́sàn-án nìyẹn, aago ara ògiri wa kì í sì í ya òru sọ́tọ̀ sí ọ̀sán. Nígbà òtútù a kì í fi nǹkan kan kún un, ìyẹn ni àṣírí ò fi tú."

Alhaji, tó jẹ́ tíṣà ìṣirò n'Íbàdàn kí wọ́n tó wá sí London, na ọrùn wo ojú laptop.

"Nasrullah, àkámọ́ dà?"

"Sir, simple macro ni, mo rò pé—"

"Simple ló fẹ́ ká ṣínu lọ́sàn-án gangan?"

Mo ní ó wà nínú àkọsílẹ̀ mi. Alhaji ní kí wọ́n kà á sókè, níbẹ̀, lójú gbogbo wa. Bọ̀dá Nasrullah kà á: kí á fi àkámọ́ yí ohun tó bá wọlé ká, kí á sì tún fi yí gbogbo ẹ̀ ká lódindi. Orí mi wú, mi ò ní purọ́. Nígbà tí Alhaji ní kí n tún un ṣe, mo ti laptop sọ́dọ̀ Bọ̀dá Nasrullah.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́ fúnra yín, Bọ̀dá. Kí wọ́n má baà tún ní èmi ni mo fọwọ́ kàn án last."

Wọ́n tẹ̀ ẹ́:

#define ISEJU(w) ((w) * 60)

Ní ìrọ̀lẹ́, mọ́sálásí kún fọ́fọ́. Aago méje ààbọ̀ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ta ló wà lára ògiri fún ìṣínu, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ṣì ń bà mí, torí àwọn èèyàn ti ń yọ fóònù kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó pé.

"Ẹ fi fóònù yín sápò," Alhaji wí. "Aago Hameedah la fi ń ṣínu."

Gbogbo wa gbójú sókè wo ara ògiri. Aago pèrun. Alhaji ò wo ojú fèrèsé bóyá oòrùn ti wọ̀, wọn ò bi ẹnikẹ́ni. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ ju dàbínù sẹ́nu.