Iye Ènìyàn Inú Ọkọ̀

Ẹ má pè mí ní èrò ọkọ̀ o. Ẹni tó bá fẹ́ rí ìbínú mi ni kó pè mí bẹ́ẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ni èmi àti Bàbá Ìbejì, ọkọ mi, ti jọ ń gbé nínú tírélà kan náà. Ibẹ̀ la ti ń sùn, ibẹ̀ la ti ń jà, ibẹ̀ náà la ti ń parí ìjà, torí níbo lẹ fẹ́ gbé ìbínú sá lọ nínú yàrá tí kò ju bẹ́ẹ̀dì kan lọ? Bí òun bá wa ọkọ̀ láàárọ̀, èmi á gbà á lọ́sàn-án. Láti bí ọdún mẹ́fà tí ẹ̀yìn ti ń dùn ún, èmi ni mo ń wà á jù. Mo ní ìwé ìwakọ̀ tírélà tèmi, ìdánwò ni mo ṣe kí n tó gbà á, n ò rà á.

Ní ọjọ́ Ajé kan, ọ̀gá tuntun tí ilé iṣẹ́ gbé wá pe àwa méjèèjì sí ọ́fíìsì. Ọmọ tí mo lè bí ni. Ó ní òfin tuntun ti dé: ẹni tí kì í ṣe awakọ̀ ilé iṣẹ́ kò gbọdọ̀ jókòó sínú ọkọ̀ mọ́.

"Màmá, ẹ máa lọ sinmi nílé," ló wí. "Ẹ kú iṣẹ́, ẹ ti gbìyànjú."

"Sinmi kẹ̀? Ta ló sọ fún yín pé ó rẹ̀ mí? Ẹ fi mí ṣe awakọ̀ ilé iṣẹ́, ọ̀rọ̀ parí."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ ṣe awakọ̀ ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ti lo ọdún márùn-ún lójú ọ̀nà jíjìn, ó sì gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé. Mo bi í pé mélòó ni márùn-ún lára mọ́kànlá. Ló bá fa ìwé géètì yọ, ìwé ńlá tí awakọ̀ gbọ́dọ̀ kọ nǹkan sí kó tó jáde: nọ́ńbà ọkọ̀, irú ẹrù, ibi tó ń lọ, iye ènìyàn inú ọkọ̀. Ó ṣí i, ó yí i sọ́dọ̀ mi.

Ẹnì kan. Ẹnì kan. Ẹnì kan. Láti òkè ewé dé ìsàlẹ̀. Ó ṣí ti ọdún mìíràn. Ẹnì kan. Ọwọ́ Bàbá Ìbejì ni, kò sí bí n ò ṣe ní mọ̀ ọ́n.

Mo yíjú sí ọkọ mi. Bàtà rẹ̀ ló ń wò.

"Bàbá Ìbejì, kí wá ni èmi? Àpò sìmẹ́ńtì?"

"Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí o bá mi lọ, ẹ̀rù bà mí pé wọ́n á ní kí o sọ̀kalẹ̀," ló wí, ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa. "Mo bá kọ ẹnì kan. Nígbà tó yá, ó ti mọ́ mi lọ́wọ́."

Ó mọ́ ọn lọ́wọ́! Ẹ gbà mí o! N ò ní purọ́, ó dùn mí dé egungun. Ọdún tí ibà gbé e ṣánlẹ̀ lójú ọ̀nà, odindi ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wa ọkọ̀ yẹn bọ̀ wálé, tí mò ń fi ọwọ́ kan rọ omi sí i lẹ́nu. Nígbà tí a tún máa jáde, ọkùnrin yìí mú bírò, ó kọ "ẹnì kan."

"Ẹ̀yin náà ti rí i, Màmá," ni ọ̀gá wí. "Ìwé ò sọ pé ẹ wà níbẹ̀."

N kì í sunkún níwájú ọmọdé. Ẹni tó bá sì dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo ní, "Ẹ pa ìwé yẹn dé ná. Ọkọ̀ ń bẹ níta. Ibi tó le jù nínú ọgbà yìí, ẹ ní kí n fi rífáásì gbé e síbẹ̀."

Ó yan ilẹ̀kùn keje, níbi tí wọ́n ti ń já ẹrù. Ògiri wà lọ́tùn-ún rẹ̀, òpó irin wà lósì, ọ̀dà oríṣiríṣi ọkọ̀ ló sì wà lára òpó náà. Bàbá Ìbejì ló máa ń wakọ̀ wọ ibẹ̀, kí wọ́n má baà rí mi nídìí ọwọ́ ọkọ̀. Èmi á dúró lẹ́yìn, máa máa juwọ́ sí i. Kò tíì gbé e wọlé rí láìsí ọwọ́ mi.

Àwọn awakọ̀ tú jáde pẹ̀lú kọ́ọ̀bù tíì lọ́wọ́. Ọ̀kan pariwo pé, "Ìyá Ìbejì, ẹ má wó ògiri lé wa lórí o!"

"Bó bá wó, ẹnu rẹ ni máa kọ́kọ́ fi dí ihò rẹ̀!"

Mo gun ọkọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Bàbá Ìbejì sáré lọ sẹ́yìn láti juwọ́ sí mi. "Máa bọ̀! Máa bọ̀! Ọ̀tún! Rárá, òsì!" Láàárín òpó àti tírélà ló lọ dúró sí. Mo wo dígí, n ò rí i mọ́. Mo tẹ bíréèkì, mo sọ̀kalẹ̀.

"Ẹ̀rù ti ba Màmá," ni ọ̀gá wí.

"Ẹ̀rù kọ́. Ẹni tí n ò bá rí nínú dígí, mo lè tẹ̀ ẹ́ pa. Bàbá Ìbejì, ẹ kúrò níbẹ̀! Ọdún mọ́kànlá ni mo fi dúró síbi tó yẹ kí èèyàn dúró sí, ẹ ò tiẹ̀ wò ó."

Ó kúrò. Mo rìn yí ọkọ̀ ká, mo wo òpó, mo wo ilẹ̀, mo padà sókè. Mo fà á síwájú lẹ́ẹ̀kan, mo tún un bẹ̀rẹ̀, ojú ò tì mí, ẹni tí ojú bá ń tì láti tún un bẹ̀rẹ̀ ló ń wó ògiri. Díẹ̀díẹ̀ ni mò ń bọ̀, títí ìdí tírélà fi kan rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn fẹ́ẹ́. Àyè tó ṣẹ́ kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ẹni tó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ gbàgbé tíì rẹ̀ lọ́wọ́.

Ọ̀gá yí ọkọ̀ náà po. "Ẹ mọ̀ ọ́n wà, n ò lè jiyàn," ló wí. "Ṣùgbọ́n ọdún márùn-ún yẹn, Màmá, kò sí nínú ìwé."

Mo kọjú sí ọkọ mi. Mo mọ ohun tí mò ń béèrè. Ẹni tó bá kọ irọ́ sínú ìwé géètì, wọ́n lè lé e lọ́jọ́ náà, ó sì ku ọdún mẹ́rin péré kí Bàbá Ìbejì fẹ̀yìn tì. Síbẹ̀ mo béèrè rẹ̀.

"Bàbá Ìbejì, ẹ̀yin lẹ kọ ọ́. Ẹ sọ ẹni tó wà nínú ọkọ̀. Bẹ́ ẹ ò bá sọ ọ́, ẹ̀yin nìkan lẹ máa gbé e jáde lọ́la, kí ohun tí ẹ kọ lè di òótọ́."

Gbogbo ojú wà lára rẹ̀. N ò gbójú kúrò. Nígbà tó yá, ó ṣí fìlà.

"Irọ́ ni mo kọ," ló wí, ohùn rẹ̀ sì jáde wàyí. "Àwa méjì la wà níbẹ̀ látọjọ́ yẹn. Òun gan-an ló ń wà á jù. Tí ẹ bá fẹ́ lé ẹnì kan, èmi ni kí ẹ lé."

Bàbá tó ń ṣọ́ géètì wúkọ́. "Èmi náà ń rí Ìyá Ìbejì nínú ọkọ̀ náà, mo sì ń kí wọn lójoojúmọ́. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á lé e bá."

Ọ̀gá fọwọ́ pa orí. Ó ní kí Bàbá Ìbejì lọ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kó sì fọwọ́ sí i, kí ọdún tèmi náà lè wà nínú ìwé. Ó wá ní, "Bàbá, ẹ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìwé géètì mọ́. Láti òní lọ, Màmá ni olórí ọkọ̀ yẹn, ẹ̀yin ni igbá kejì wọn." Ojú ọkọ mi rẹ̀wẹ̀sì, àmọ́ ó ní òun gbà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, a dé géètì. Bàbá géètì gbé ìwé wá, Bàbá Ìbejì na ọwọ́ bí ìṣe rẹ̀, ó rántí, ó fà á padà. Mo gba bírò. Mo kọ nọ́ńbà ọkọ̀, mo kọ ẹrù, mo kọ ibi tí à ń lọ. Nígbà tí mo dé iye ènìyàn, mo dúró, mo wò ó.

"Ṣé kí n kọ ẹnì kan?"

Omi ti lé ròrò sójú rẹ̀. Mo kọ méjì, mo sì tẹ bírò náà mọ́ ìwé títí ó fi hàn ní ewé kejì.