Eyín Ló Mú Ọ̀gá Jókòó

Bí èèyàn bá ní fọ́tò lòun ń yà, ohun tí aráyé ń retí ni ìyàwó, ọmọ tuntun, tàbí ojú tí wọ́n fẹ́ lẹ̀ mọ́ ìwé. Àga ni obìnrin tiwa yìí máa ń yà ní tirẹ̀. Kì í ṣe àga tuntun o, kì í sì í ṣe àga tí èèyàn wà lórí rẹ̀. Àga tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde kúrò lórí rẹ̀ ni, tí tìmùtìmù ibẹ̀ ṣì tẹ̀, tí aṣọ rẹ̀ ṣì hunjọ níbi tí wọ́n gbé ọwọ́ lé. Ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Alága. Ìyá rẹ̀ nìkan ni kì í pè é bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ náà kì í pa ìyá lẹ́rìn-ín rárá.

Iṣẹ́ náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Fóòmù kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Tí èèyàn bá ti dìde, kí o tó ka ení, èjì, dé ogún, ó ti ń wú padà, ohun tí ara kọ síbẹ̀ ti ń parẹ́. Alága kì í tan iná kámẹ́rà, torí iná a máa pa òjìji, inú òjìji sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé ló ń lò. Á tọrọ ààyè lọ́wọ́ ẹni tó dìde, onítọ̀hún á wò ó tìyanu-tìyanu, á ní, "Ìdí àga? Ẹ yà á lọ." Báyìí ló ṣe ya àga ilé ìfọṣọ, àga ọ́fíìsì lọ́yà, àga ibi tí wọ́n ti ń gẹrun. Ó ti kó mẹ́tàlélọ́gọ́rin jọ. Ó tẹ̀ wọ́n jáde ní ńlá, ó tò wọ́n sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó wá ń sùn lé wọn lórí.

Àwòrán abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ta ni yóò rí i? Alága gbé wọn sórí fóònù fún aráyé. Èèyàn mọ́kànlélógójì ló ń tẹ̀lé e níbẹ̀, ìdajì wọn sì jẹ́ mọ̀lẹ́bí. Bàbá rẹ̀ kékeré kọ ọ́ sísàlẹ̀ àwòrán kan pé, "Ẹni tó ni àga yìí dà?" Ẹlòmíràn béèrè bóyá wọ́n lè bá òun gbé àga náà wá sílé.

Gálárì kan ṣoṣo tó lórúkọ, ibi tí wọ́n ti ń gbé àwòrán kọ́ fún aráyé wò, ló wà nítòsí, ọkùnrin tó ni ín ni gbogbo ènìyàn ń pè ní Ọ̀gá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Alága lọ bá a. Lákọ̀ọ́kọ́, Ọ̀gá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó ń fi ọwọ́ kejì ṣí àwọn àwòrán náà bí ẹni ń ṣí ìwé ìròyìn àná, ó ní, "A ó pè yín." Lẹ́ẹ̀kejì, Alága fi wọ́n ránṣẹ́ sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní aago méjì géérégé. Nígbà tó máa fi di aago méjì kọjá ìṣẹ́jú kan, èsì ti dé: a ti rí i, a ó pè yín. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó lọ dúró dè é níbi àfihàn ẹlòmíràn. Kò tíì sọ gbólóhùn méjì tán tí Ọ̀gá fi bẹ̀rẹ̀ sí í kí ẹni tó wà lẹ́yìn orí rẹ̀. Ọdún méjì rèé tí Alága ti ń tu ara rẹ̀ nínú pé ojú ọkùnrin náà ni kò ríran.

Ọ̀sẹ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ kì í ṣe ọ̀sẹ̀ ìtùnú. Ní ọjọ́ Ẹtì ni Ọ̀gá máa kéde orúkọ àwọn mẹ́fà tí yóò gbé iṣẹ́ wọn kọ́ lọ́dún náà. Ẹ̀gbọ́n Alága ọkùnrin sì ti bá a rí iṣẹ́ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ṣe ìwé ìwakọ̀, tí yóò máa ya ojú àwọn awakọ̀, tí yóò máa sọ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ pé ẹ gbé orí sókè, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó ti ṣèlérí fún ìyá rẹ̀: bí ọjọ́ Ẹtì bá kọjá tí gálárì kò gbà á, iṣẹ́ yá ní ọjọ́ Ajé, kò sì ní dárúkọ àga mọ́. Ẹ̀rù ń bà á. Ó mọ ara rẹ̀. Tó bá fi àga sílẹ̀ báyìí, kò ní padà sídìí rẹ̀ láéláé.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni àbúrò ìyá rẹ̀ pè é. Àǹtí yìí ló ń kọ orúkọ àwọn aláìsàn sílẹ̀ lọ́dọ̀ oníṣègùn eyín, láti ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Àwọn aláìsàn fún un lórúkọ, Ó-Kù-Díẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Tí o bá bi í ní aago mẹ́jọ pé ìgbà wo ló máa kàn ọ́, á ní ó kù díẹ̀. Bi í ní aago méjìlá, ó ṣì kù díẹ̀ náà ni.

"Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, jókòó kí o tó gbọ́," ni Àǹtí wí. "Ọ̀gá gálárì ẹ, eyín ti mú un. Ọ̀la, aago mẹ́wàá. Ó ń ké lórí fóònù bí ọmọ ọwọ́."

"Pẹ̀lẹ́ ni kí ẹ bá mi kí i. Kí ló wá kàn mí nínú eyín ẹ̀, Àǹtí?"

"Ìwọ ọmọ yìí! Ọkùnrin tí kò ráyè fi ìṣẹ́jú kan wo iṣẹ́ ẹ, ṣé o mọ iye wákàtí tí èmi lè mú un jókòó síwájú ògiri?"

Alága dìde dúró. Ó jókòó. Ó tún dìde.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àwọn méjèèjì yọ àwòrán eyín jíjẹrà kúrò lára ògiri yàrá ìdúró, wọ́n gbé àwòrán àga mẹ́ta kọ́ síbẹ̀. Oníṣègùn fúnra rẹ̀ kò bìkítà. Ẹnu nìkan lọkùnrin yẹn mọ̀. Tí o bá fa ẹṣin wọ ibẹ̀, eyín rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ wò. Alága ní kí Àǹtí bá òun kọ káàdì kéékèèké sábẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan, ó wá kìlọ̀ fún un pé: "Tó bá béèrè ẹni tó yà á, ẹ má dá a lóhùn o. Ẹnu ara mi ni mo fẹ́ fi sọ ọ́."

"Mo búra," ni Àǹtí wí.

Lọ́jọ́rú, Alága ti wà níkàlẹ̀ kí aago mẹ́wàá tó lù. Kí Ọ̀gá má baà dá a mọ̀, ó di òwú sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan, ó fi gèlè gbá àgbọ̀n rẹ̀ mọ́ orí, ó ń mira bí ẹni tí eyín ń pa. Ìgbà tó gbójú sókè ló tó rí àwọn káàdì náà. Káàdì aláìsàn ni Àǹtí lò. Ó kọ ọ́ sórí ọ̀kan pé: *Orúkọ: Àga Ọ́fíìsì Lọ́yà. Ohun tó ń ṣe é: Ẹnì kan dìde. Ìgbà tí yóò padà wá: Ọjọ́ Ẹtì.* Láti ọgbọ̀n ọdún, Àǹtí kò fi ìlà kan sílẹ̀ láìkọ nǹkan sí i rí. Ìlà fún ayàwòrán ni kò sí lórí káàdì, nítorí náà, orúkọ ayàwòrán kò sí níbì kankan.

Ó fẹ́ dìde lọ yọ àwọn káàdì aláìsàn náà kúrò, ni ilẹ̀kùn bá ṣí, Ọ̀gá wọlé, ọwọ́ lẹ́rẹ̀kẹ́.

Àǹtí mú un lọ tààrà sórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tó kọjú sí ògiri. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ pa fóònù. Ó máa ń da ẹ̀rọ dókítà láàmú." Irọ́ ni, ṣùgbọ́n ó pa á bí ẹni ń ka òfin.

"Ìgbà wo ló máa kàn mí?"

"Ó kù díẹ̀."

Àwọn méjì míràn wà níbẹ̀: bàbá kan tó jẹ́ káfíńtà, àti ìyá kan tó ń ránṣọ. Bàbá Káfíńtà ló kọ́kọ́ lanu. Ó tọ́ka sí àwòrán àárín, ó ní, "Ẹni tó jókòó sórí èyí, itan òsì ló ń dùn ún. Ẹ wo bí apá ọ̀tún ṣe jìn."

"Itan kẹ̀?" ni Ìyá Télọ̀ dáhùn. "Bàbá, ẹ wo bí aṣọ yẹn ṣe hun lọ́wọ́ àga. Aṣọ kì í hun báyẹn lásán. Ẹni tó ń retí ìròyìn ni."

"Àga ni mo ti ń kàn látìgbà tí wọn ò tíì bí ẹ!"

"Ẹ̀yin ń kàn án, ẹlòmíràn ń bò ó láṣọ. Èwo ni ìdí ń bá pàdé nínú méjèèjì?"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fà á. Ọ̀gá di ojú, ó ṣí i, ó tún di í. Ìgbà tó yá, ó kérora, ó ní, "Rárá o."

Àwọn méjèèjì yíjú sí i.

"Kò retí ìròyìn. Ìròyìn ti dé." Ó ń fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó ń sọ̀rọ̀. "Tó bá ń retí, gbogbo aṣọ ọwọ́ àga ni ì bá hun. Ojú kan ṣoṣo ló hun yìí. Ibẹ̀ ló dì mú kó tó lè dìde. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ò gbé e mọ́."

"Hẹ̀n-ẹ́n," ni Ìyá Télọ̀ wí, pẹ̀lẹ́.

Alága gbójú sókè wo àwòrán náà. Ó rántí obìnrin tó dìde lórí àga yẹn ní ọ́fíìsì lọ́yà, ó rántí bó ṣe di ọwọ́ àga náà mú, tí ó ń gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀gá kà á bí ìwé. Ọkùnrin náà ríran, ó sì ti ń ríran látọjọ́ yìí! Ó dun Alága dénú egungun, inú rẹ̀ sì dùn, kò mọ èwo ló pọ̀ jù nínú méjèèjì.

Bàbá Káfíńtà wọlé, ó jáde, ó lọ. Oníṣègùn yọjú. "Ta ló kàn?"

Ọ̀gá ti fẹ́ dìde. Àǹtí wo ògiri, ó rí i pé àwòrán kẹta kù tí ọkùnrin náà kò tíì wò dáadáa. Ó na ìka sí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Màdáámù yìí ló kàn, dókítà. Ẹ wo bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ ṣe wú!"

Alága lajú sí i. Kò lè sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ á tú u fó. Ni wọ́n bá mú un wọlé bí ewúrẹ́.

"Ta ló di òwú sí yín lẹ́nu?" ni oníṣègùn bi í, ṣùgbọ́n kò dúró gbọ́ èsì, ó ti tan iná sínú ọ̀fun. Inú rẹ̀ dùn. "Áà! Eyín ẹ̀yìn yìí ti jẹrà tipẹ́. Ẹ tiẹ̀ ti fara dà á jù." Alága na ọwọ́, ó mi orí, ó ń ké pé rárá. Oníṣègùn ti rí gbogbo ìyẹn rí. Bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe nìyẹn. Abẹ́rẹ́ wọlé, eyín jáde. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.

Nígbà tó jáde, ìdajì ojú rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀ mọ́. Ọ̀gá ti dìde lọ ka àwọn káàdì, ó ti padà sórí àga rẹ̀, ó ń bi Àǹtí. "Ta ló ya ìwọ̀nyí? Kò sórúkọ níbí!"

Àǹtí ti búra. "Ó kù díẹ̀, sà," ló wí.

Ọ̀gá yíjú sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ìrora. "Màdáámù, ẹ kú oríire tiyín. Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan fún yín. Obìnrin kan wà tó máa ń kó irú èyí wá bá mi. N kì í wò ó. Àádọ́ta èèyàn ló ń wá lọ́sẹ̀, àyè mẹ́fà péré ni mo ní. Tí mo bá wo iṣẹ́ tó dáa, tí mo wá lé e padà, n kì í lè sùn. Tí n kò bá wò ó, mo máa ń sùn dáadáa." Ó fi ọwọ́ di ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú. "Mo ti ń sùn dáadáa láti ọdún méjì."

"Éfi fi," ni Alága wí.

"Ẹ má sọ̀rọ̀, ẹ̀jẹ̀ á dà."

"Éfi fi! Éfi!" Itọ́ ń dà á lágbọ̀n. Èmi ni ló fẹ́ wí; ọ̀rọ̀ tó ti ń kọ́ sórí láti ọdún méjì, ìyẹn náà ló wá dà báyìí. Ó fa gèlè já.

Ọ̀gá wò ó. Ó wo Àǹtí. Ó wo ògiri, ó wo fóònù tí wọ́n ní kó pa. "Ẹ̀yin méjèèjì," ó wí, ohùn rẹ̀ tutù, "lẹ so mí mọ́lẹ̀ síbí pẹ̀lú eyín lẹ́nu."

Ojú ti Alága débi pé ó fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Ó rí ọ́fíìsì ìwé ìwakọ̀ kedere, ó rí ara rẹ̀ níbẹ̀. Ìyá Télọ̀ ń wo tọ̀tún wo tòsì, kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ kankan bọ́ sílẹ̀.

"Ta ló kàn?" ni oníṣègùn ké láti inú.

"Ọ̀gá, ó ti kàn yín," ni Àǹtí wí, láìtijú.

Ọ̀gá dìde láìwo ẹnikẹ́ni. Ó gbé ẹsẹ̀ méjì. Ìyá Télọ̀ tó ti ń wo àga ojú fèrèsé náà láti àárọ̀ gbéra láti lọ jókòó.

"Ẹ má jókòó síbẹ̀!"

Ìyá Télọ̀ tún nàró. Ọ̀gá ti yí padà, ó ń wo ibi tó ti dìde. Ó wo Alága. "Kámẹ́rà wà lọ́wọ́ yín?"

Alága mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Kí lẹ wá ń retí? Ó ń wú padà!"

Alága fi eékún méjèèjì lélẹ̀. Inú kámẹ́rà ló tó rí i. Ọkùnrin ńlá yìí kò fẹ̀yìn ti àga fún ìgbà kan. Etí tìmùtìmù ló jókòó sí láti aago mẹ́wàá, ó kéré síbẹ̀, bí ẹni tó wá tọrọ nǹkan tó sì mọ̀ pé wọn kò ní fún òun. Ó yà á lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó tán.

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó wò ó lójú kámẹ́rà. Oníṣègùn pè é, ó pè é lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀gá kò gbé ojú kúrò.

"Èyí la máa gbé kọ́ sẹ́nu ọ̀nà," ó wí nígbà tó yá. "Ẹ kó ìyókù wá lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹ jọ̀ọ́, màdáámù, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni pé èmi ni."