Apá Varo Tí Wọ́n Fi Ṣe Pàṣípààrọ̀

Mo rò pé mo ti mọ ohun tó ń jẹ́ ìríra kí ọdún yẹn tó dé. Láti ìgbà èwe mi ni mo ti ń lóṣòó lẹ́yìn ẹni tó di igi mú, tí mò ń hán bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá jù. Itọ́ ẹlòmíràn ti ta sí mi lójú, òógùn ẹlòmíràn ti kán sí mi lẹ́nu. Kò rí mi lára. Iṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí Fabricio Matos fojú mi rí ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn, bí mo bá rántí rẹ̀ nídìí oúnjẹ, ṣe ni mo máa ń ti àwo síwájú.

Milcíades Cuevas lorúkọ mi. Milo ni gbogbo ìlú Barahona ń pè mí. Nígbà tí orúnkún mi kọ iṣẹ́ sílẹ̀, ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù wa, àwọn Ẹyẹ Òfú, fi mí ṣe ẹni tí yóò máa tọ́jú àwọn ajùbọ́ọ̀lù. Ajùbọ́ọ̀lù ni ọkàn ẹgbẹ́. Bí tiwọn bá dáa, kódà kí àwọn yòókù máa sùn lórí ìdúró, ẹ lè borí. Bí tiwọn bá bàjẹ́, ẹ máa palẹ̀ ẹrù yín mọ́.

Lóṣù kẹjọ, ìdíje ò tíì bẹ̀rẹ̀. Ewúrẹ́ ló ń jẹko ní pápá wa. Fabricio, tó ti di ọ̀gá ẹgbẹ́ wa, pè wá sí ilé rẹ̀ létí òkun pé ká wá ṣètò ẹni tí yóò jù fún wa nígbà tí oṣù kẹwàá bá dé. Ọmọ ẹni tó ni ẹgbẹ́ ló fẹ́, ìyẹn nìkan sì ni ohun tó mọ̀ nípa bésíbọ́ọ̀lù. Ọkùnrin náà ò sọ òkúta lu máńgòrò rí láyé rẹ̀.

Ó ń fi èékánná àtàǹpàkò ta ẹran kúrò nínú eyín bó ṣe ń bá wa sọ̀rọ̀. Ó wo ohun tó ta jáde, ó sì dá a padà sẹ́nu.

"Ta ló ṣẹ́ kù fún wa?" ló bi wá.

Kò sẹ́ni tó fẹ́ dáhùn. Méjì nínú àwọn ajùbọ́ọ̀lù wa ti gba Mẹ́síkò lọ láìdágbére. Ẹlòmíràn, ẹgbẹ́ tó gbà á síṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù nílé. Ó wá ku Evaristo Féliz nìkan, tí a ń pè ní Varo, ọmọ Barahona gangan, tí àwọn ènìyàn máa ń dìde dúró fún bó bá ti ń rìn bọ̀ wá sórí òkìtì tí wọ́n ti ń ju bọ́ọ̀lù.

"Varo ò lè jù," ni mo wí. "Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Ó mọ̀ dáadáa. Òun ló fà á. Ní oṣù kìn-ín-ní, nígbà tó ku díẹ̀ ká wọ àṣekágbá, ó ní kí Varo jù lónìí, kó tún jù lọ́la. Apá ajùbọ́ọ̀lù dà bí ilẹ̀ oko, ó yẹ kó sinmi. Varo ò sinmi. Ìgúnpá rẹ̀ wú bí orí ọmọ tuntun, dókítà ní olú-ìlú sì sọ pé iṣan ibẹ̀ ti ya dé ìdajì, pé kó má ju ohunkóhun títí ọdún yóò fi yípo.

Fabricio rẹ́rìn-ín músẹ́. "Mo mọ̀. Ìdí tí mo fi fẹ́ fi í ṣe pàṣípààrọ̀ nìyẹn. Ẹgbẹ́ Moca fẹ́ ẹ. Wọn ò mọ̀ nípa ìgúnpá. Wọ́n máa fún wa ní Eudy Minaya, ọ̀dọ́ tó ń ju bọ́ọ̀lù bí iná. Lọ́jọ́ Sátidé, aṣojú wọn ń bọ̀ wá wò ó. Milo, ìwọ lo máa hán an."

Ìwọ! Ọmọ tí mo lè bí. Bàbá rẹ̀ gan-an, "ẹ" ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀ títí tó fi kú.

"Báwo ni Varo ṣe máa jù," mo bi í, "nígbà tí kò lè fọwọ́ ọ̀tún gbé kọ́ọ̀pù kọfí?"

"Ìyẹn ò kàn ọ́. Tìẹ ni pé kóo lóṣòó."

Àwọn tó yí i ká rẹ́rìn-ín. Mo rí eyín gbogbo wọn.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo tètè lọ sí yàrá ìmúra kí n lè bá Varo nìkan. Nọ́ọ̀sì kan ń jáde bí mo ṣe ń wọlé, kò sì gbójú sókè wò mí. Òwú tí ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀ wà nílẹ̀, òórùn sípíríìtì sì gba ibẹ̀ kan. Varo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń na apá, ó ń ká a, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n Milo, ẹ wá wo nǹkan! Kò dùn mí mọ́!"

"Kí ni wọ́n fún ẹ lábẹ́rẹ́?"

"Fítámì ni wọ́n pè é. Ẹ̀gbọ́n, apá mi ti ń ṣiṣẹ́! Ọ̀gá ní tí mo bá jù dáadáa lónìí, òun máa gbà mí padà fọ́dún kan sí i. Ọdún kan náà ni mo fẹ́. Kí Nurys ìyàwó mi jókòó síwájú, kí n ju bọ́ọ̀lù fún àwọn ará ilé, kí n sì bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ tayọ̀tayọ̀."

Ó ti lọ sínú ọdún kejìdínlógójì, ṣùgbọ́n bó ṣe sọ̀rọ̀ yẹn, bí ọmọdé ló rí. Mo di ìgúnpá rẹ̀ mú. Mo tẹ ìka mọ́ ọn gan-an, níbi tí iṣan ti ya, ibi tó jẹ́ pé lóṣù tó kọjá, bí mo bá kàn fẹ́ fọwọ́ kàn án, á ti lọgun.

Ó ń wò mí. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti fọwọ́ kàn án ni?"

Wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ pa apá náà kú bí ìgbà tí dókítà eyín bá pa ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí iṣan lè máa ya lọ láìjẹ́ pé Varo mọ̀ ọ́n lára. Mo la ẹnu láti sọ̀rọ̀, ni Fabricio bá yọjú.

"Akọni, ó yá o! Àlejò ti jókòó." Ó gbá Varo léjìká mọ́ra, ó fà á jáde, ó ń sọ̀rọ̀ sí i létí bí ẹni ń tan ìyàwó.

Aṣojú àwọn ará Moca ni Persio Ureña, àgbàlagbà kan tó sanra, tó fi wúrà bo eyín iwájú. Òun náà ti ju bọ́ọ̀lù nígbà kan rí. Ó jókòó sábẹ́ tapólì pẹ̀lú ìgò bíà, àwo ẹran ewúrẹ́ sì wà lórí itan rẹ̀. Wọ́n ti pa ọ̀kan nínú àwọn tó ń jẹko ní pápá, ìkòkò ń hó lẹ́yìn àga àwọn òǹwòran, òórùn ewé orégánò tí wọ́n fi sè é sì gba gbogbo ibẹ̀.

Mo lóṣòó. Varo bẹ̀rẹ̀ sí í jù.

Kí n má parọ́, bọ́ọ̀lù náà dún páá nínú ìbọ̀wọ́ mi. Persio mirí, ó fa ọ̀rá ẹran mì. Ṣùgbọ́n èmi tí mo wà níwájú rẹ̀ gan-an, mo ń rí ohun tí wọn ò rí. Bí bọ́ọ̀lù bá ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ìgúnpá yẹn á yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ìlẹ̀kùn tí ìdè rẹ̀ ti jábọ́. Varo ò sì mọ nǹkan kan. Ó ń rẹ́rìn-ín sí mi láti orí òkìtì.

Mi ò lè fara dà á mọ́. Mo dìde, mo ṣí irin tí mo fi bojú, mo fi bọ́ọ̀lù sápò.

"Varo, ó tó. Má jù mọ́."

"Kí ló dé, ẹ̀gbọ́n? Ṣé kò lọ dáadáa ni?"

"Ó ń lọ dáadáa. Apá ẹ ló ń lọ. Kì í ṣe fítámì ni wọ́n fún ẹ, oògùn apàrora ni. Kò sì sẹ́ni tó fẹ́ gbà ẹ́ síbí. Wọ́n ń tà ẹ́ fún Moca. Ọkùnrin tó ń jẹran níbẹ̀ yẹn, òun ló wá rà ẹ́."

Persio gbé ìgò bíà sílẹ̀.

Fabricio fò dìde. "Milo! Ṣé orí ẹ pé? O ti wà nínú oòrùn pẹ́ jù! Ọ̀gá Persio, ẹ má dá a lóhùn, àgbà ti ń dé sí i."

Varo wo ìgúnpá rẹ̀. Ó fọwọ́ òsì tẹ̀ ẹ́, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó rìn dé iwájú tapólì.

"Ọ̀gá Persio, òótọ́ ni?"

Mo ti retí pé Persio máa bínú, pé á gba Fabricio létí, pé á ní wọ́n fẹ́ lu òun ní jìbìtì. Kí lẹ rò pé ó ṣe? Ó rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí tí ikùn rẹ̀ fi ń mì, tí omi ọbẹ̀ fi ń kán sórí ẹ̀wù rẹ̀.

"Fabricio, ọmọ mi," ló wí, "o rò pé ìwọ nìkan lo gbọ́n? A ti mọ̀ nípa ìgúnpá yìí tipẹ́. Eudy tí a fẹ́ fún ẹ ńkọ́? Èjìká ẹ̀ ti já. Kò lè fọwọ́ ọ̀tún ya orí ara ẹ̀."

Fabricio dúró bí ẹni tí wọ́n da omi tútù sí lára. Lẹ́yìn náà, òun náà bú sẹ́rìn-ín. Àwọn méjèèjì dì mọ́ ara wọn, wọ́n ń gbá ara wọn lẹ́yìn.

"Ẹ̀yin ará Moca! Ọ̀daràn ni yín!" ni Fabricio wí.

"Kò burú," ni Persio wí, "jẹ́ ká ṣe é bẹ́ẹ̀. Àwọn èèyàn fẹ́ gbọ́ pé a ń ṣe nǹkan. Ìwọ á polongo tìẹ lórí rédíò, èmi á polongo tèmi. Tó bá dìgbà tí wọ́n máa mọ̀, a ti ta gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì."

"Ẹ bu ẹran fún wọn o!" ni Fabricio kígbe. "Varo, wá jókòó, jẹun. Má bínú, bésíbọ́ọ̀lù náà nìyẹn."

Varo ò jókòó. "Ọ̀gá Persio," ló wí jẹ́ẹ́, "ẹ̀yin náà ti ju bọ́ọ̀lù rí."

Persio ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè. Àpá iṣẹ́ abẹ kan gùn láti òkè ìgúnpá rẹ̀ dé ìsàlẹ̀. "Wọ́n ṣe é fún èmi náà," ló wí, ó sì tún mú egungun. "Ṣé mo kú?"

Ọ̀rọ̀ yìí ló burú jù létí mi. Ẹni tí iná jó, tó wá jókòó ti iná kó lè máa fi ọmọ ẹlòmíràn sí i. Mo sọ bọ́ọ̀lù náà sínú àwo ẹran rẹ̀, omi ọbẹ̀ ta sí i lójú, mo sì mú Varo, a jáde.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni agbára oògùn náà tán. A ti dé ilé Varo. Ó ń gbìyànjú láti ṣe bí ọkùnrin, ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé aṣọ ìrọ̀rí jẹ. Nurys gbé yìnyín wá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣépè. Ó ṣépè fún Fabricio, fún ìyá tó bí i, fún nọ́ọ̀sì. Ó yíjú sí mi.

"Ẹ̀yin náà! Ẹ lóṣòó níwájú rẹ̀, ẹ ń hán an!"

"Nurys, Ẹ̀gbọ́n ló dá mi dúró," ni Varo wí.

"Kó tó dá ẹ dúró, mélòó lo ti jù?"

Mo wá ọkọ̀, a gbé Varo lọ sí ilé ìwòsàn. Níbẹ̀, wọ́n ní ìdajì iṣan tó kù ti já.

Rédíò ti ń pariwo nígbà náà. "Ìròyìn ayọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ Ẹyẹ Òfú! Fabricio Matos ti mú Eudy Minaya wálé!" Àwọn ènìyàn ń fọn fèrè lójú pópó. Mo tẹ ilé iṣẹ́ rédíò náà láago. Wọ́n gbà mí sórí afẹ́fẹ́ nítorí pé wọ́n mọ orúkọ mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ gbogbo rẹ̀: abẹ́rẹ́, ìgúnpá, èjìká Eudy. Kí n tó parí, wọ́n ti fi ìpolówó ọṣẹ sí i. Lọ́jọ́ kejì, ẹni tó ń ta búrẹ́dì ládùúgbò wa, tó ti ń kí mi láti kékeré, wò mí ṣàn-án.

"Milo, kí ló dé tóo fẹ́ ba ẹgbẹ́ wa jẹ́? Wọ́n lé ẹ ni?"

Wọn ò lé mi. Èmi ni mo kó ẹrù mi.

Eudy dé. Ọmọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kan báyìí, ojú rẹ̀ ń tì í. Wọ́n mú un jáde síwájú àwọn èrò, Fabricio sì gbé ṣẹ́ẹ̀tì tuntun fún un pé kó wọ̀ ọ́. Ọmọ náà ò lè gbé apá sókè. Fabricio yára fi ṣẹ́ẹ̀tì náà bò ó léjìká bí ìgbà tí wọ́n bá fi aṣọ bo olókùnrùn, àwọn èrò sì pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ wọn fi pọ́n. Mo wà níbẹ̀. Mo ń wá ojú ẹnì kan ṣoṣo tó rí ohun tí mo rí. Mi ò rí i.

Nígbà tí ìdíje bẹ̀rẹ̀, wọ́n na ẹgbẹ́ wa, wọ́n tún nà á. Kò dùn mọ́ mi nínú, kò sì dùn mí. Wọ́n dá Eudy padà sí Moca kí Kérésì tó dé. Fabricio lọ sórí rédíò, ó ní oríire ò sí pẹ̀lú òun, ṣùgbọ́n òun ti ní ètò tuntun fún ọdún tó ń bọ̀, àwọn ajùbọ́ọ̀lù tuntun. Àwọn tó ń pè wọlé ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ilé Varo ni mo ti gbọ́ ọ. Aládùúgbò rẹ̀ ló tan rédíò tirẹ̀ sókè. Nurys ti ṣe ẹja pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó sì ti mọ́ mi lára láti máa lọ jẹun lọ́dọ̀ wọn lọ́jọ́ Àìkú. Varo ń fọwọ́ òsì jẹun, ẹja náà ń bọ́ kúrò lórí fọ́ọ̀kì, ó ń ṣà á lórí tábìlì, ó tún ń bọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi na iyọ̀," ló wí.

Mo na iyọ̀ sí i. Mo dìde, mo ní mo fẹ́ gba afẹ́fẹ́ díẹ̀. Mo dé ẹ̀yìnkùlé, mo di ara ògiri mú, mo sì tutọ́ títí ẹnu mi fi gbẹ.